Ta ló ní kí wọ́n yọ ìtàn ajá náà kúrò?

Ọ̀rọ̀ kan ń ká mi lára láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì fẹ́ kọ ọ́ síbí kí inú mi lè rọ̀ díẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèré kékeré kan ní ìlú tí mò ń gbé ní Amẹ́ríkà ńbí ló gbé The Zoo Story, eré tí Edward Albee ọmọ Amẹ́ríkà kọ, jáde lórí ìtàgé. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo jókòó, mo ń retí ìtàn tí Jerry, ọ̀kan nínú ọkùnrin méjì inú eré náà, máa ń sọ nípa ajá kan, ìtàn náà kò sì dé. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò pátápátá. Nígbà tí eré parí tí olùdarí jáde wá láti dáhùn ìbéèrè, ẹnì kan bi í léèrè ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ìbàlẹ̀ ọkàn dáhùn pé ìtàn náà ti gùn jù fún àwọn ènìyàn òde òní, àti pé nígbà tó jẹ́ pé eré absurd ni (eré tó ń fi ayé hàn bí ohun tí kò bọ́gbọ́n mu), tí irú eré bẹ́ẹ̀ kò sì ní ìtumọ̀ kan pàtó, ohun yòówù tí a bá gé kúrò nínú rẹ̀ kò lè pa á lára.

Èmi kò gbà. Mo mọ gbogbo àwíjàre àwọn tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí: wọ́n á ní ayé fúnra rẹ̀ kò nítumọ̀, wọ́n á ní ìdí nìyẹn tí àwọn òṣèré fi ń sọ kántankàntan. Kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Martin Esslin, alárìíwísí eré tó fún irú tíátà yìí lórúkọ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1961, kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa Albee. Ohun tó sọ ni pé Albee wà lára àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kọlu ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà pé gbogbo nǹkan ló ń dára sí i. Ẹni tó ń kọlu nǹkan kò lè ṣaláìní ohun tó ń sọ. Albee pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ orúkọ náà. Ní 1962, ó kọ àròkọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà New York Times, ó sì dá ọ̀rọ̀ náà padà sọ́dọ̀ àwọn ará Broadway, àdúgbò àwọn ilé tíátà ńlá ní New York, pé eré tí wọ́n fi ń pawó, èyí tó ń tan òǹwòran pé kò sí wàhálà kankan níbì kankan, òun gan-an ni absurd.

Ẹ jẹ́ ká wo eré náà fúnra rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, ní ìgbà ooru, nínú Central Park ní New York. Peter jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń kàwé. Jerry dé, kò kí i, ó kàn sọ pé òun ti lọ sí ọgbà ẹranko, ó sì di ìgbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tó pariwo lé e, kí Peter tó mọ̀ pé òun ló ń bá sọ̀rọ̀. Peter níyàwó, ó bí ọmọbìnrin méjì, ó ní ológbò, ó ní ayékòótọ́ kéékèèké méjì, ó ní tẹlifíṣọ̀n méjì tí ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ọmọ, iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ẹ̀kọ́ sì ń mú nǹkan bí 18,000 dọ́là wọlé fún un lọ́dún. Jerry ní tirẹ̀ ń gbé àjà òkè pátápátá nínú ilé alájà mẹ́rin kan ní Upper West Side, irú ilé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń gba yàrá kan. Nígbà tí òun náà ka ẹrù rẹ̀, ohun tó kà ni aṣọ díẹ̀, sítóòfù kékeré tí kò yẹ kó ní nínú yàrá, ọ̀bẹ kan, fọ́ọ̀kì méjì, ṣíbí méjì, àwo mẹ́ta, férémù fọ́tò méjì tí kò sí àwòrán ẹnikẹ́ni nínú wọn, àti táípúráítà àtijọ́ kan tó jẹ́ pé lẹ́tà ńlá nìkan ló ń tẹ̀. Ó tún ní àpótí kékeré kan tí kò ní àgádágodo. Òkúta tó ṣà létí òkun nígbà tó wà lọ́mọdé ló wà nínú rẹ̀, abẹ́ òkúta náà ni àwọn lẹ́tà kan sì wà, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo wọn: jọ̀wọ́, èé ṣe tí o kò ṣe èyí, jọ̀wọ́, nígbà wo lo máa ṣe tọ̀hún.

Ilé Peter wà ní ìlà-oòrùn ọgbà náà, ilé Jerry wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ọgbà yẹn nìkan ló sì wà láàárín wọn. Albee mọ ìhà méjèèjì. Ìdílé olówó tó ní ilé tíátà káàkiri Amẹ́ríkà ló gbà á tọ́ láti ọmọ ọwọ́. Ó fi ilé náà sílẹ̀ nígbà tó dàgbà, ó sì ń ti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn ní New York, ó ń bá Western Union pín tẹligíráàmù. Ní 1958, ọdún tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ló kọ The Zoo Story. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé ìdánìkanwà tó wà nínú eré yìí kì í ṣe àyànmọ́ ọmọ ènìyàn. Ó ní àdírẹ́sì, ó ní owó ilé, ó ní ìyá onílé.

Ìyá onílé yìí ló ni ajá tí mò ń sọ. Ajá dúdú ni, ojú rẹ̀ pọ́n, egbò sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún níwájú. Ìgbà tí Jerry bá ń wọlé nìkan ló ń fò mọ́ ọn. Bó bá ń jáde, ajá náà kì í kà á sí, Jerry sì gbà pé òun nìkan ló dójú sọ. Jerry pinnu pé òun yóò kọ́kọ́ fi oore pa ajá náà, bí oore kò bá ràn án, òun yóò kúkú pa á. Ó ra hamburger mẹ́fà, ó yọ búrẹ́dì rẹ̀ kúrò, ó gbé ẹran náà síwájú ajá. Ajá jẹ ẹ́ tán, ó wò ó, ó tún fò mọ́ ọn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kò yí padà. Nígbà tó yá, ó ra ẹyọ kan péré. Ẹni tó ń tà á bi í bóyá ológbò rẹ̀ ló fẹ́ fún, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń po oògùn èkúté mọ́ ẹran náà bó ṣe ń rìn lọ sílé. Ajá náà dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọtí dá lójú ìyá onílé, ó ń bẹ Jerry pé kó bá òun gbàdúrà fún ajá òun. Ajá náà kò kú.

Ohun tó tẹ̀ lé e yìí ni mo kà sí ọkàn eré náà. Jerry ní òun fẹ́ kí ajá náà yè, kí òun lè rí ojú tí yóò fi máa wo òun láti ìgbà náà lọ. Wọ́n pàdé lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ara wọn títí. Láti ọjọ́ yẹn, ajá kò lé e mọ́, ó lè wọlé kó sì jáde bó ṣe wù ú, ìyẹn sì ni ìbànújẹ́ rẹ̀, nítorí pé nígbà tí wọ́n ń jà, ẹ̀dá alààyè kan wà nínú ilé yẹn tó ń retí àtiwọlé rẹ̀. Ó ní bí ènìyàn kò bá lè bá ènìyàn da nǹkan pọ̀, ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan, ìbáà ṣe lára ẹranko, lára bẹ́ẹ̀dì, lára aáyán, lára dígí. Peter gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní kò yé òun.

Ẹ wá wo ohun tí gígé náà fà. Ní ìparí, Jerry ń ti Peter kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó ju ọ̀bẹ sí i pé kó fi gbèjà ara rẹ̀, Peter di ọ̀bẹ mú síwájú, Jerry sì sáré kọ lù ú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Peter bí ẹ̀mí ṣe ń bọ́ lára rẹ̀. Ẹni tó ti gbọ́ ìtàn ajá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: oore nìkan kò ṣiṣẹ́, ìkà nìkan kò ṣiṣẹ́, Jerry wá ń dán méjèèjì wò pa pọ̀ lára ènìyàn. Ẹni tí kò gbọ́ ọ yóò rí wèrè kan tó ń bá ẹni ẹlẹ́ni jà nítorí àga. Ohun tí a rí lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn. Ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn mi sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé irú àwọn ènìyàn báyìí ni kì í jẹ́ kí òun lọ sí páàkì. Mi ò lè dá a lẹ́bi, nítorí eré tí Peter ìbá kọ ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà nínú ilé Jerry tí mi ò tíì rí ẹni tó dúró tì í pẹ́. Ògiri kan nínú yàrá rẹ̀ kì í ṣe ògiri gidi, pátákó fẹ́lẹ́ ni, ọkùnrin adúláwọ̀ kan ló sì wà ní òdìkejì rẹ̀. Jerry sọ pé ọkùnrin náà máa ń wọ kímónò, aṣọ àwọn ará Japan, pé ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá ń tu irun ìpéǹpéjú rẹ̀, pé kò sì yọ òun lẹ́nu rí. Ìyẹn parí. Ìdílé àwọn ará Puerto Rico wà nínú ilé kan náà, obìnrin kan wà lájà kẹta tó máa ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó tì pa, kò sì sí èyí tó sọ̀rọ̀ nínú wọn. Jerry, tó fi ọjọ́ púpọ̀ wá ọ̀nà àtibá ajá ṣọ̀rẹ́, kò wọ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí dùn mí ju ikú rẹ̀ lọ.

Adrienne Kennedy, òǹkọ̀wé eré adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ló wá ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún wa. Ó wà nínú kíláàsì ìkọ̀wé eré tí Albee ń darí ní New York ní 1962. Nígbà tó fẹ́ yọ eré rẹ̀ kúrò nítorí pé ó ti sọ àṣírí inú rẹ̀ jù, Albee ló gbà á níyànjú pé kó má yọ ọ́, òun sì wà lára àwọn tó gbé Funnyhouse of a Negro jáde ní 1964. Nínú eré náà, Sarah, ọmọbìnrin adúláwọ̀ tó ń kàwé, ń gbé yàrá kékeré kan lájà òkè ilé kan ní Upper West Side, bíi ti Jerry gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tó kún yàrá tirẹ̀ ni Ọbabìnrin Victoria, Jésù, Patrice Lumumba olórí Congo àti ìyàwó ọlọ́lá kan láti ilé ọba Hapsburg ní Yúróòpù, òun náà sì ni gbogbo wọn. Irun orí rẹ̀ ń já. Ó ń sá fún bàbá rẹ̀ aláwọ̀ dúdú, bàbá náà ṣì ń kan ilẹ̀kùn. Jerry kò rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Sarah kò rí ibi tó lè sá sí fún àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣàìsàn rẹ̀, tàbí pé kò sí ìtumọ̀ níbẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan ń dà mí láàmú tí mi ò tíì yanjú. Nígbà tí Albee kọ The Zoo Story tán, àwọn agbéréjáde New York kò gbà á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí wọ́n fi ṣe é ní èdè Jámánì ní Berlin, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, 1959. Oṣù Kíní 1960 ló tó dé New York. Àwọn tó wò ó ní Berlin, ìlú tí ogun ti wó tí wọ́n sì ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, kò gbé ilé Jerry rí. Bó bá jẹ́ pé ilé Amẹ́ríkà nìkan ló bí àrùn ìdánìkanwà yìí, kí ni wọ́n gbọ́? Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá Jerry fi í sílẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá àti ààbọ̀, ìyá náà kú, bàbá kú, àǹtí tó tọ́ ọ sì ṣubú lulẹ̀ kú lórí àtẹ̀gùn ní ọ̀sán ọjọ́ tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Kò sí onílé tó fa ìyẹn, kò sí owó ilé tó lè fà á. Bóyá àwọn tó ń sọ pé gbogbo ọmọ ènìyàn ló wà nínú yàrá náà ti rí nǹkan tí èmi kò fẹ́ rí, ṣùgbọ́n mi ò tíì ṣetán láti gbà fún wọn.