Ta ló ní ọmọ yín ń sín ará Jàmáíkà jẹ?

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi. Gbogbo òde tá a bá ti pàdé, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń gbọ́, pé àwọn ọmọ wa ti di Jàmáíkà ọ̀sán gangan, "wagwan" (báwo ni?) lòní, "mandem" (àwọn ọkùnrin) lọ́la, pé ṣe ni wọ́n kàn ń díbọ́n, wọn ò sì ní lè sọ òyìnbó gidi mọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Láàárín 2004 sí 2007, Paul Kerswill, Jenny Cheshire àtàwọn onímọ̀ èdè ẹgbẹ́ wọn lọ gba ohùn àwọn ọ̀dọ́ Hackney ní London sílẹ̀, wọ́n sì rí i pé ẹni tọ́mọ ń bá ṣeré lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọmọ òyìnbó tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá láti ilẹ̀ oríṣiríṣi ń sọ irú òyìnbó yìí bíi tàwọn yòókù. Ẹ tún gbọ́ ọ dáadáa. Ará Jàmáíkà tó ń sọ patois, èdè ìbílẹ̀ wọn, á pe ewúrẹ́ ní "guot", ọmọ Peckham á ní "góòt", bíi tèmi àti tiyín gan-an, tó bá jẹ́ pé ó ń sín wọn jẹ ni, ṣebí ibẹ̀ yẹn ni ì bá ti kọ́kọ́ mú?

Mi ò ní kẹ́ ẹ má ka Jàmáíkà mọ́ ọn o. Àwọn ará Kàríbíánì ló ṣáájú wa dé, àwọn èrò ọkọ̀ òkun Windrush sọ̀ kalẹ̀ ní Tilbury ní June 22, 1948, kí àwa tó pọ̀ ní Peckham, ọmọ tiwọn ti ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò, èdè wọn làwọn ọmọ wa bá nílẹ̀. Àmọ́ "innit" (àbí?) àti "bruv" (bọ̀dá) jẹ́ ti London fúnra ẹ̀, "wallahi" sì jẹ́ ti Lárúbáwá.

"Mandem" yẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù. "Dem" tí wọ́n fi sẹ́yìn "man" láti fi hàn pé wọ́n pọ̀, òun náà ló dúró fún "àwọn" tàbí "wọ́n" nínú èdè Jàmáíkà. Àwa ńkọ́? "Àwọn ló lọ", "àwọn ọkùnrin", ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ṣiṣẹ́ méjèèjì ni? "Unu" (ẹ̀yin) tí wọ́n sì ń sọ ní Jàmáíkà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé ti Ìgbò ni, bíi "una" inú pijin wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nínú bọ́ọ̀sì 36, fóònù ọmọkùnrin kan tó jókòó síwájú mi dún. "Ẹ káàsán mà, mo ti ra ata rodo yẹn, mò ń bọ̀." Bó ṣe gbé e sílẹ̀ ló yíjú sọ́rẹ̀ẹ́ ẹ̀, "Man's starving, bruv", ìyẹn ni pé ebi ń pa á. Nígbà tó fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, ìyá òyìnbó kan dí ọ̀nà, ó rọra tẹ̀ síwájú, ó ní "Excuse me, please", òyìnbó tó já gaara, ìyẹn sì yẹra fún un, ló bá sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ọ̀rá ata rodo ẹ̀.