Ta ló lọ ata títí ọlọ yìí fi jìn?

Àbẹ̀ní_Aláró: Ọlọ ẹ̀yìnkùlé wa rèé nínú fọ́tò yìí. Wọ́n ní ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé ìyá ìyá bàbá mi níyàwó. Ẹ wo bí àárín rẹ̀ ṣe jìn! Báwo lẹ rò pé ayé obìnrin ilé ṣe rí nígbà Ogun Kírìjì (1877 sí 1893)?

Ata_Rodo: Ata ọlọ dùn ju ti blẹ́ńdà lọ. Ó parí.

Jagun_Ọ̀yọ́: Ìyà ni wọ́n jẹ. Ìdí ààrò ni wọ́n dàgbà sí, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: @Jagun irọ́ ńlá! Ẹfúnṣetán Ìyálóde Ìbàdàn ńkọ́? Àwọn obìnrin ń ṣòwò, wọ́n ń rẹ aró, wọ́n ń hun aṣọ.

Jagun_Ọ̀yọ́: Obìnrin ń hun kí ni? Ọkùnrin ló ń hun aṣọ. Lọ sí Ìsẹ́yìn.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Òfì tẹ́ẹ́rẹ́ ni tọkùnrin. Ti obìnrin fẹ̀, ó sì dúró lóòró, inú ilé ni wọ́n ti ń lò ó. Orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń hun kíjìpá, aṣọ òwú tó nípọn. Aṣọ olónà tí àwọn Òṣùgbó, ẹgbẹ́ awo àwọn àgbà, ń lò, obìnrin Ìjẹ̀bú ló ń hun ún.

Jagun_Ọ̀yọ́: Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú, gbogbo nǹkan lẹ máa ń sọ di tiyín.

Ìyá_Ìbejì: Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé òfì ló wà nínú fọ́tò yẹn ni? Ọlọ tiẹ̀ kéré. Omi àmù ńkọ́? Ẹ ò mọ iye ìgbà tí èèyàn ń lọ sódò kí ó tó kún.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Ẹ má bínú mà. Jagun ló bẹ̀rẹ̀.

Bàbá_Ṣakí: Ọdún 1874 ni wọ́n pa Ẹfúnṣetán, Kírìjì ò tíì bẹ̀rẹ̀. Àti pé àwọn ẹrú rẹ̀ ló ń lọ ata fún un. Ẹrú àti ìwọ̀fà pọ̀ nílé olówó láyé ìgbà yẹn. Àbẹ̀ní, ó lè máà jẹ́ ìyá tìrẹ ló lo ọlọ yẹn jù o.

Àbẹ̀ní_Aláró: Háà, bàbá! Ilé wa ò ní ẹrú o.

Bàbá_Ṣakí: Gbogbo ilé ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ata_Rodo: Èló lẹ máa ta ọlọ náà? Ọ̀ṣogbo ni mo wà.

Jagun_Ọ̀yọ́: Mo tún un sọ: ỌKÙNRIN LÓ Ń HUN AṢỌ!!!

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Ìyá tó bí ẹ pàápàá á máa fi ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Jagun_Ọ̀yọ́: Má kan ìyá mi o!

Ìyá_Ìbejì: Ó ti dé.