Ọmọ Ké Tòò, Ṣé Ẹ Ti Wo Ìdí Rẹ̀?

"Ó ké tòò, ìka rẹ̀ pé, kí lẹ tún ń tú u sí ìhòòhò fún?" Láti Tákìé dé Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ilé ìkómọ tí ẹ ò ní gbọ́ ọ. Ẹnu àwọn tó ti gbẹ̀bí rí la sì ti ń gbọ́ ọ jù, ìyẹn ló ń bíni nínú. Igbe ọmọ tuntun, ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń jẹ́rìí sí; ara yòókù, àfi ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdí. Ọmọ tí kò ní ihò ìdí rárá lè ké, kó sì mu ọyàn lọ́jọ́ kìíní. Tó bá yá, ikùn á wú, á le bí ìlù, èébì aláwọ̀ ewé á tẹ̀ lé e. Wọ́n á ní inú rírun ni, wọ́n á rọ àgbo sí i lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ: ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì ya ìdí, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fojú rí ihò náà níbi tó yẹ kó wà. Ìgbẹ́ dúdú lára ìlédìí kì í ṣe ẹ̀rí. Ọmọbìnrin tí kò ní ihò lè máa gba ojú ara yà á. Ti ọmọkùnrin lè máa bá ìtọ̀ jáde. Ẹni tó wo ìlédìí nìkan á kọ "ó ti yàgbẹ́" sínú ìwé, ó parí. Èyí tó níhò tí kò yàgbẹ́ títí wákàtí 48 ńkọ́? Ọsibítù ni.

Àjà ẹnu náà, ìka ò tó o. Iwájú tó le ni ìka máa ń kàn. Ẹ̀yìn tó rọ̀ lè là, kí ọyàn máa gba imú jáde. Ẹ tẹ ahọ́n mọ́lẹ̀, kí ẹ tan iná dé ọ̀fun.

Àwọn àgbà kúkú ń wo ara ọmọ: oníka mẹ́fà, Olúgbódi; ẹlẹ́sẹ̀ síwájú, Ìgè. Ìka kẹfà kì í sábà ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Ìgè gan-an ló yẹ ká ṣọ́: oríkèé ìbàdí rẹ̀ tètè ń yẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ obìnrin. Ẹ ká orúnkún rẹ̀, ẹ rọra ya itan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó ti yẹ̀ á fò wọlé lábẹ́ ìka yín. Ẹ tún un wò ní ọ̀sẹ̀ 6, nígbà tó bá wá gba abẹ́rẹ́.

Lóòótọ́, àrùn ọkàn mìíràn kì í dún sí ẹni tó ń fetí sí àyà ọmọ lọ́jọ́ kìíní. Ẹ̀rọ tí ń wọn ọ́síjìn lọ́wọ́ ọ̀tún àti lẹ́sẹ̀ ló lè tú u fó. Tí ọ́síjìn náà bá wà lábẹ́ 95 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ má tíì gbé e lọ ilé.

Kí ọmọ sì dákẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Igbe tí ẹ ń yìn yẹn ló ń mú itan le, òun náà ni kì í jẹ́ ká gbọ́ ọkàn.