Ọ̀pọ̀ èrò kọ́ ní ń bí ìràwọ̀

Àwọn àgbà wa ti já àṣìrò kan nípa ojú ọ̀run tipẹ́: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àṣìrò mìíràn ṣì kù tí mo ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé àti púrúǹtù ní Ìlíṣàn níbí.

Ti àwọn tó ní ọjọ́ kan náà ni Ọlọ́run dá gbogbo ìràwọ̀, pé kò sí tuntun mọ́, ìyẹn ò le. Lóru ọyẹ́, bí eruku ò bá bo ojú ọ̀run jù, ẹ wá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn. Ní apá gúúsù wọn, nǹkan kan wà tó ń ṣe bàìbàì, tí kò hàn ketekete. Kùrukùru Orion nìyẹn. Ó jìnnà sí wa tó bí 1,300 ọdún ìmọ́lẹ̀ (ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn dé lọ́dún kan ni ọdún ìmọ́lẹ̀ kan), gáàsì inú rẹ̀ ṣì ń ṣù pọ̀ di ìràwọ̀.

Èyí tó le ni tàwọn tó gbà pé ìràwọ̀ tuntun ṣì ń jáde, tí wọ́n wá ní ibi tí gálásì, ìyẹn agbo ńlá tí ìràwọ̀ àìmọye kó ara wọn jọ sí, bá ti pọ̀ jù ni wọn yóò ti máa jáde jù. Ọ̀rọ̀ ẹni tó dàgbà sí ẹ̀bá ọjà ni. Ní 1980, Alan Dressler, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, tẹ iṣẹ́ jáde lórí àgbájọ gálásì 55: bí ibì kan bá ṣe ń há sí i, bẹ́ẹ̀ ni irú gálásì tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bí ìràwọ̀ mọ́ ń pọ̀ sí i níbẹ̀.

Gáàsì tútù ló ń di ìràwọ̀. Nínú àgbájọ Virgo, tí gálásì ibẹ̀ lé ní 1,000, àárín wọn kò ṣófo: gáàsì tó gbóná dé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù digírì ló kún ibẹ̀. Gálásì tó bá já wọ inú rẹ̀ lè máa sáré ju 1,000 kìlómítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ti gun ọ̀kadà láti Ìlíṣàn lọ sí Ìpẹ̀rù rí? Atẹ́gùn lè má fẹ́ rárá, síbẹ̀ fìlà yín á fò lọ, torí eré tí ẹ ń sá gan-an ló di atẹ́gùn. Bí gáàsì tútù ṣe ń bọ́ lára gálásì nìyẹn. Àwọn ìràwọ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ ò ní bọ́, atẹ́gùn yẹn ò rí wọn gbé. Àwọn onímọ̀ méjì, James Gunn àti Richard Gott, ti ṣàlàyé èyí láti 1972. Nínú fọ́tò tí Hubble, awò ńlá tó wà lójú òfurufú, yà, gálásì kan tí wọ́n ń pè ní ESO 137-001 ń wọ́ ìrù búlúù gbọọrọ sẹ́yìn: ìràwọ̀ tuntun ni búlúù yẹn, gáàsì tó bọ́ ló bímọ sójú ọ̀nà.

Òótọ́ ni pé ìforígbárí gálásì méjì, bíi tàwọn Antennae, máa ń mú kí ìràwọ̀ ya jáde. Ṣùgbọ́n méjì péré nìyẹn, wọn ò sì kánjú. Nínú àgbájọ ńlá, eré àsápajúdé ni wọ́n ń sá kọjá ara wọn. Ká má sì di gbogbo ẹ̀bi ru àdúgbò. Gálásì tó bá tóbi gan-an lè ṣíwọ́ fúnra rẹ̀, kódà kó dá wà.

Milky Way, gálásì tiwa, ò gbé ibi tó há, ó ṣì ń bí ìràwọ̀ tó wúwo tó oòrùn kan sí méjì lọ́dún. Àmọ́ òun náà ń fìyà jẹ aládùúgbò. Draco, gálásì kékeré tó sún mọ́ ọn, kò ní gáàsì lára mọ́. Leo T tó kéré gan-an, tó wà lókèèrè, ṣì ní tirẹ̀. Àwọn gálásì Magellan méjèèjì sún mọ́ wa, wọ́n sì ń bí, torí wọ́n tóbi, ṣùgbọ́n gáàsì tiwọn náà ti ń jò sẹ́yìn.