Aago ara ògiri ni wọ́n fún Bàbá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀, inú ń bí mi. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n gbé àwòrán ìkíni kan sórí WhatsApp àwa tá a jọ ṣe yunifásítì: ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Gbogbo èèyàn ń kọ "ẹ kú oríire, sà". Èmi náà kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ la sì mọ̀ pé nóòtì tó ti pọ́n bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ló máa ń kà sí wa létí títí àkókò á fi pé.

Ẹni tí mo rántí ni Bàbá. Ọdún àkọ́kọ́ ló kọ́ wa ní Físíìsì. Èrò pọ̀ débi pé àwọn kan jókòó sójú fèrèsé, makirofóònù ò sì ṣiṣẹ́. Bàbá wọlé tòun ti aṣọ funfun gbòò, ó gbé garawa omi dání. Kò sọ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fì í yípo, garawa dojú délẹ̀ gan-an lókè orí rẹ̀, ẹ̀kán omi kan ò já bọ́. Ó ní, "Bí mo bá dẹwọ́ pẹ́nrẹ́n, ẹ ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó mú ṣọ́ọ̀kì. Mo ti gbàgbé èyí tó pọ̀ nínú ohun tí mo kà níbẹ̀, n ò gbàgbé ọjọ́ garawa.

Ṣùgbọ́n ìwé ìwádìí ni wọ́n ń kà bí ìgbéga bá dé, garawa ò ní máàkì. Òfin yunifásítì ti 2012 sì ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n ṣiṣẹ́ di ẹni 70 ọdún. Bàbá tí ò dé ipò yẹn, 65 ló relé. Aago ara ògiri àti fáànù ni wọ́n fi sìn ín. Wọn ò tiẹ̀ fi bátìrì sínú aago.

Kẹ́nikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ìwádìí ló ń gbé orúkọ ilé-ìwé ga. Mo ti gbọ́. Àwọn òbí tó ń ta kajú san owó ilé-ìwé ńkọ́? Oṣù 8 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, mo gbọ́ ti owó oṣù, n ò gbọ́ kí ẹnì kankan bèèrè ẹni tó mọ ọmọ kọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá Bàbá níbi tó ti ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Tákíẹ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní ó yẹ kí wọ́n máa fún olùkọ́ gidi lẹ́bùn, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa dìbò yàn án.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kẹ̀? Makirofóònù tó ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n fún wa, kí wọ́n pín èrò kíláàsì yẹn sí mẹ́ta. Kí wọ́n gbé ẹ̀bùn pamọ́."

Ẹnu mi wọhò. Lọ́dún tá a jáde, a dìbò yan olùkọ́ tó dáa jù. Kì í ṣe Bàbá ni mo dìbò fún. Ọ̀gá kan tó máa ń fún wa ní "area of concentration", ìyẹn ibi tí ìbéèrè ti máa jáde, bí ìdánwò bá ti kù dẹ̀dẹ̀ ni. Òun náà ló di ọ̀jọ̀gbọ́n yìí.