Ṣé a lè yọ ìmúnisìn kúrò nínú tíọ́rì àwùjọ, kí ìyókù ṣì dúró?

Àrẹ̀mú44: Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ń pariwo pé ká ti Marx, Weber àti Durkheim, àwọn òyìnbó tí tíọ́rì àwùjọ dúró lé lórí, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí pé ìgbà ìmúnisìn ni wọ́n kọ̀wé. Èmi ò gbà. Ìgbà téèyàn gbáyé kọ́ la fi ń mọ̀ bóyá òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀.

Títílọlá_O: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, inú iṣẹ́ wọn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo Weber. Ní Munich, oṣù kìíní 1919, ó ní ìjọba ni àwùjọ tó lè sọ pé òun nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fipá múni lórí ilẹ̀ kan pàtó. Bẹ́ẹ̀, láti 1884 ni Jámánì ti ń gba ilẹ̀ lókè òkun. Láàárín 1904 sí 1908, ọmọ ogun rẹ̀ pa àwọn Herero àti Nama nípakúpa, níbi tá a mọ̀ sí Nàmíbíà lónìí. Ta ló fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ yẹn? Ipá náà dé orí Herero, ṣùgbọ́n Herero ò sí nínú "àwùjọ" tí Weber ń sọ.

Àrẹ̀mú44: Àbúrò, àléébù kan nìyẹn, ó ṣeé tún ṣe. Durkheim ńkọ́? Ó ní báwọn èèyàn bá péjọ ṣe ètùtù, agbára kan máa ń gbé wọn tẹ́nì kan ò lè dá ní. A ń rí i nínú ìwọ́de, a ń rí i ní pápá bọ́ọ̀lù. Kí ni ìmúnisìn fẹ́ fìyẹn ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́jinlẹ̀: Ibi tí mo ti ń retí yín nìyẹn. Durkheim ò dé Australia rí. Ìwé tí Baldwin Spencer àti Frank Gillen tẹ̀ jáde ní 1899 lórí àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ wà lára ohun tó gbára lé jù fún ìwé rẹ̀ ti 1912 lórí ẹ̀sìn. Gillen ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ tẹlígíráàfù ní Alice Springs, òun náà ni ìjọba fi ṣe alábòójútó àwọn onílẹ̀. Wáyà ti gba àárín ilẹ̀ wọn kọjá láti 1872, màlúù òyìnbó sì ti ń bá wọn du omi. Nínú ìnira yẹn làwọn Arrernte, àwọn onílẹ̀ agbègbè náà, ṣe ètùtù ńlá Engwura lápá ìparí 1896, nítòsí ilé iṣẹ́ ọ̀hún, táwọn méjèèjì ń wò tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìròyìn náà fi dé ọ̀dọ̀ Durkheim ní Paris, àwọn Arrernte ti di àwùjọ tó rọrùn jù lọ láyé, àfi bíi pé nǹkan kan ò ṣe wọ́n rí. Agbára ìpéjọ ò níṣòro. Àkàbà tí wọ́n fi to àwùjọ lérí ara wọn, tí Yúróòpù wá wà lókè téńté, ló níṣòro.

Akọ̀wé_Kọ́lá: Ní kúkúrú: ní 1853, Marx kọ̀wé láti London pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, bó ti burú tó, ń ṣe iṣẹ́ tí ìtàn gbé lé e lọ́wọ́. Ní 1881, ó kọ lẹ́tà sí Vera Zasulich ará Rọ́ṣíà pé Ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù nìkan ni àlàyé òun kàn. Ẹ fi ìwé méjèèjì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Títílọlá_O: Ẹ ṣeun. Ohun tó ń bí mi nínú ni báwọn yunifásítì ṣe ń rọra ju Du Bois, onímọ̀ àwùjọ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, sí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́. 1899 yẹn náà ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn aláwọ̀ dúdú Philadelphia jáde. Fúnra rẹ̀ ló rìn láti ilé dé ilé ní Wọ́ọ̀dù Keje, àdúgbò kan nílùú náà, tó ń béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti owó ilé tí wọ́n ń san. Ó fi hàn pé oko ẹrú àti bí wọ́n ṣe ń lé wọn nídìí iṣẹ́ ló dá wàhálà wọn sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ gbé ìwé 1899 méjèèjì kalẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Kákẹ́kọ̀ọ́ béèrè: ta ló gba ìròyìn yìí jọ, àṣẹ wo ló ní lórí àwọn tó ń bi, kí ni wọ́n ti fojú wọn rí kó tó dé?

Àrẹ̀mú44: Mo fara mọ́ ìbéèrè wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fi kẹrin kún un: tá a bá fa ìròyìn náà yọ, èwo nínú àlàyé ọ̀hún ló ṣì dúró? Láìsí ìyẹn, ẹ̀sùn lásán la kà sí wọn lẹ́sẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́jinlẹ̀: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ti Durkheim, agbára ìpéjọ dúró, àkàbà wó. Ti Weber le jù. Kí tiẹ̀ tó lè dúró, a gbọ́dọ̀ ka ẹni tí wọ́n ń gbowó orí lọ́wọ́ ẹ̀ àtẹni tí wọ́n ń yìnbọn lù mọ́ àwùjọ náà, ní òkèèrè àti nílé.