Ẹnu Buhari la wò, a ò wo ìkòkò

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ìròyìn dé pé Muhammadu Buhari kú sí London, ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025, a bíi márùn-ún la jókòó síwájú ibi tí ìyá alákàrà àdúgbò wa ti ń dín tiẹ̀ ní Alákukọ. Kí ẹnikẹ́ni tó ráyè sọ pé kí Ọlọ́run dárí jì í, ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti fajú ro, ó ki ohùn, ó ní "Covik One Nine." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́.

Ìgbà tí mo délé ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn. Ọkùnrin yìí ṣe olórí wa la àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà (COVID-19) já, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ohun tó kù lẹ́nu wa ò ju bó ṣe pe orúkọ àrùn náà lọ. Èrò ọkàn mi nìyí, ẹ má tìtorí ẹ̀ bú mi: ẹ̀rín la fi gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹjọ́ tó yẹ ká pè é.

Ẹ rántí bó ṣe rí. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí àrùn náà lára ọmọ Ítálì kan tó gba Èkó wọlé, tó sì ti dé ìpínlẹ̀ Ògùn kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Oṣù kan gbáko ló gbà kí Ààrẹ tó jókòó bá ará ìlú sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Fídíò péńpé tó kọ́kọ́ jáde, inú ẹ̀ ni Covik ti jáde. Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo èèyàn orí Twitter di apòwe: àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n ń fi Akufo-Addo, Ààrẹ Ghana nígbà náà, wé e, pé ẹ wo olórí, ẹ wo bó ṣe ń sọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, tó ń jáde sí wọn lemọ́lemọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ẹnu Akufo-Addo la ń ṣe ìlara ẹ̀. Ọkùnrin náà ní káwọn ará Ghana má sanwó omi fún oṣù mẹ́ta. Ó ní kí ìjọba bá àwọn tí iná tí wọ́n ń lò ò tó nǹkan san gbogbo owó iná wọn, káwọn tó kù san ìdajì. Mi ò rántí pé mo rí ẹnì kan nínú gbogbo àwọn tí mò ń tẹ̀ lé tó ní kí wọ́n fún wa nírú omi yẹn. Gẹ̀ẹ́sì là ń tọrọ.

Aago méje alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ni Buhari wá sọ̀rọ̀. Kò síná. Rédíò oníbátìrì lánlọ́ọ̀dù wa la pagbo yí ká, èjìká kan èjìká, ká lè gbọ́ bí wọ́n ṣe máa sọ fún wa pé ká jìnnà síra. Ààrẹ ń ka ìwé ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì, kónílé-ó-gbélé l'Ékòó, l'Ógùn àti l'Ábújá, ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníṣòwò kéékèèké tó yáwó TraderMoni àti MarketMoni lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n fún wọn ní oṣù mẹ́ta sí i kí wọ́n tó máa san án padà. Àwọn tálákà tí ìjọba ń fún lówó, wọ́n máa gba ti oṣù méjì pa pọ̀. Oúnjẹ àwọn ọmọ ilé ìwé ò ní dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwé ti pa. (Tíṣà ni mí. Mo ṣì ń ro èyí tó gbẹ̀yìn yẹn títí dòní.)

Mo túmọ̀ ẹ̀ fún ìyá alákàrà. Ó ní, "Tíṣà, ó sọ bí a ṣe máa jẹun?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ó sọ díẹ̀.

Ó ní, "Ta ló máa gbé e wá?"

Nínú gbogbo àríwísí tí mo gbọ́ nípa Buhari lọ́dún yẹn, lórí rédíò, lórí Facebook, lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé, mi ò gbọ́ èyí tó tó ìbéèrè yẹn.

Wọn ò ní kí màmá má dín àkàrà o. Oúnjẹ ni, wọ́n fàyè gba oúnjẹ. Àwọn tó ń rà á ni wọ́n ní kí wọ́n jókòó sílé: bíríkìlà, ọmọ ọkọ̀, àwọn tó ń lọ ṣe aláàárù ní Agége láago mẹ́fà àárọ̀. Ọjọ́ kẹta kónílé-ó-gbélé, ó dín kóńgò kan, ó tà á di ọ̀sán, kò tán. Àwa ilé la jẹ èyí tó kù, a ò sì rówó fún un. Èmi náà, wọ́n san ìdajì owó oṣù Kẹta fún mi níbi tí mo ti ń kọ́ ọmọ. Láti oṣù Kẹrin lọ, àdúrà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp.

Ìjọba ò dákẹ́ pátápátá. Nígbà tí Ààrẹ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, ó fi ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn kún un, ó sì ní kí wọ́n sọ ìdílé mílíọ̀nù 2.6 tó wà nínú ìwé àwọn tálákà di mílíọ̀nù 3.6. Orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú ẹ̀ ju 200 mílíọ̀nù lọ. Owó náà, 5,000 náírà lóṣù ni. Ládùúgbò tiwa, mi ò mọ ẹnì kan tó dé ọwọ́ ẹ̀. Ìrẹsì dé lẹ́ẹ̀kan. Ilé wa ní yàrá mẹ́jọ, kóńgò kan ni wọ́n já fún wa, ife mílíìkì la fi wọ̀n ọ́n kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láàárín oṣù Kẹrin yẹn làwọn jàǹdùkú tí wọ́n ń pe ara wọn ní One Million Boys kó ìpayà bá gbogbo ọ̀nà tiwa, láti Agége títí wọ Sáńgo. Àwa tí Ààrẹ ní ká má kóra jọ, a kóra jọ lóru. A jó táyà ní gbogbo ojúlé, a gbé àdá, a gbé kùmọ̀, a ń ṣọ́nà di ìdájí. Èmi tíṣà, ọmọ odó ni mo gbé dání. Kòkòrò ò dẹ́rù bà wá mọ́.

Àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ wa wà lójú pópó, wọ́n ń lé ẹni tó jáde lọ wá oúnjẹ. Àárín oṣù Kẹrin, Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ìjọba fúnra ẹ̀ kéde pé àwọn agbófinró ti pa èèyàn 18 níbi tí wọ́n ti ń mú ará ìlú pa òfin kónílé-ó-gbélé mọ́. Nígbà yẹn, èèyàn 12 ni kòrónà tíì pa ní Nàìjíríà. Ìbọn wa ṣáájú àrùn. Ọ̀sẹ̀ mélòó la fi sọ̀rọ̀ èyí? Mi ò rò pé ó tó méjì.

Mi ò ní torí pé inú ń bí mi kí n fi òótọ́ pamọ́. Buhari ò bá dókítà jiyàn. Magufuli, Ààrẹ Tanzania nígbà náà, ní Ọlọ́run ti lé àrùn náà lọ nílẹ̀ òun. Buhari ò sọ irú ẹ̀. Ó fi iṣẹ́ lé ìgbìmọ̀ tí Boss Mustapha, akọ̀wé ìjọba àpapọ̀, ṣe olórí fún àti NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn, ti Dókítà Ihekweazu lọ́wọ́, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ṣe é. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2021, ó gbà á níṣojú gbogbo ayé lórí tẹlifíṣọ̀n. Èyí tí mo rí yẹn ló jẹ́ kí èmi náà lọ gba tèmi. Àmọ́ àwọn tó ń fi iye òkú yìn ín, pé ó lé díẹ̀ ní 3,100 péré tí ìjọba kà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Orílẹ̀-èdè ọ̀dọ́ ni wá, àyẹ̀wò tá a ṣe ò sì tó nǹkan. Ta ló ka òkú abúlé?

Oṣù Kẹta ọdún 2021 yẹn kan náà ni London dé. Ọjọ́ 30, ó wọkọ̀ òfúrufú lọ rí dókítà ẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, àwọn dókítà tiwa daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Ìbínú tí ará ìlú bí lọ́jọ́ náà, mo fọwọ́ sí i, nítorí kì í ṣe ẹnu la wò lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ẹ̀ la wò.

Ti àwọn oúnjẹ tí wọ́n já ilé ìkẹ́rùsí gbà ní Mazamaza l'Ékòó ní oṣù Kẹwàá 2020, mi ò ní dá Buhari lẹ́bi ẹ̀ tán. Àwọn olówó ló dá a jọ, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ àdúgbò wa kan gbé àpò tí wọ́n kọ CACOVID, orúkọ àjọ àwọn olówó náà, sí lára kọjá níwájú wa, ìyá alákàrà dìde lórí àpótí ẹ̀, ó wò ó títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n wojú ẹ̀ lọ́jọ́ tá à ń rẹ́rìn-ín Covik yìí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń yí àkàrà inú epo.

Mo ní, "Màmá, ẹ ò rántí ni?"

Ó ní, "Mo rántí. Wọ́n kọ orúkọ mi nígbà mẹ́ta."